Ìtọ́jú Ọmọ Lẹ́yìn Ìkọ̀sílẹ̀ ní Kútọnu: Àṣà àti Òfin

Bí tọkọtaya bá kọ ara wọn sílẹ̀, ìbéèrè méjì ló máa ń jẹyọ: ìdílé ta ni ọmọ jẹ́, ọ̀dọ̀ ta sì ni yóò máa gbé? Nínú àṣà Yorùbá, ìdáhùn sí ti àkọ́kọ́ ló sábà ń pinnu ìkejì. Ní Kútọnu lónìí, òfin ti ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Nínú àṣà
Ìdílé bàbá ló ni ọmọ. Láàrin àwọn Yorùbá Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ti di ará Kútọnu, orílẹ̀ bàbá ni wọ́n fi ń ki ọmọ. Bí ìyá bá kó kúrò nílé ọkọ, ọmọ tó ṣì ń mu ọmú a máa bá a lọ. Bó bá gbọ́njú, ẹbí bàbá á ránṣẹ́ sí i, ìyá bàbá ló sì sábà máa ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn àgbà ìdílé méjèèjì ló ń jókòó parí ọ̀rọ̀.

Láyé ìjọba Faransé
Ní 1931, wọ́n kó àṣà jọ sínú ìwé kan, Coutumier du Dahomey, tó ka obìnrin sí ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ níwájú òfin. Ní 1996, Cour constitutionnelle ti Benin dájọ́ pé ìwé náà kò lágbára òfin.

Òfin òde òní
Code des personnes et de la famille, òfin 2002-07 ti ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ 2004, fi òpin sí agbára àṣà lórí ọ̀rọ̀ tó kàn án. Ìgbéyàwó tí a ṣe níwájú aṣojú ìjọba nìkan ló mọ̀. Ilé-ẹjọ́ nìkan ló sì lè tú u. Adájọ́ lè fa ọmọ lé ìyá tàbí bàbá lọ́wọ́: ire ọmọ ni yóò wò. Òbí tí ọmọ kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti máa rí i, ó sì gbọ́dọ̀ máa dáwó fún ìtọ́jú rẹ̀ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ.

Nílé àti nílé-ẹjọ́
Ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó ló parí sórí ìdána, láìdé ọ̀dọ̀ ìjọba. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbé ẹjọ́ ọmọ lọ bá àwọn àgbà, tàbí àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ìjọba. Àdéhùn àwọn àgbà lè mú àlàáfíà wá, ṣùgbọ́n kò de adájọ́ lọ́wọ́. Ìdájọ́ náà kò sì gba orílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ: ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ ilé bàbá rẹ̀. Ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó.