Ìtàn Ìgbín ní Ilẹ̀ Àkúrẹ́ àti Òǹdó

Igbó kìjikìji tó yí Àkúrẹ́ àti Òǹdó ká ni ilé ìgbín láti ayébáyé. Ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ rẹ̀, ọ̀rinrin kì í sì í tán níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó pẹ́ tí ènìyàn ti ń jẹ nínú igbó yìí: ní 1965, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ hú egungun ènìyàn kan ní Ihò Ẹlẹ́rù nítòsí Ìsàrun, èyí tó ti lé ní 11,000 ọdún.

Òru òjò ni wọ́n ń he ìgbín. Tọmọdé tàgbà a gbé àtùpà, wọn a máa wo ìdí igi àti abẹ́ òkìtì ewé. Ẹ̀ẹ̀rùn le díẹ̀, nítorí ìgbín a ki ara bọlẹ̀, a fi awọ funfun kan dí ẹnu ìkarahun rẹ̀, kò sì ní jẹun títí òjò yóò fi padà. Ẹni tó mọ igbó dáadáa nìkan ló ń rí i nígbà náà.

Ìgbín ni ẹran Ọbàtálá káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Omi rẹ̀ tutù, kò sì ní ẹ̀jẹ̀ pupa, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lò ó láti fi tu òrìṣà àti ènìyàn lójú. Ìsìn Kristi fìdí múlẹ̀ ní Òǹdó láàárín àwọn ọdún 1870, síbẹ̀ ìgbín kò kúrò nínú ìkòkò. Wọn a fọ́ ṣóńṣó ìkarahun, wọn a fa ẹran jáde, wọn a fi álọ́ọ̀mù tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ikun rẹ̀ dànù, kí wọ́n tó sè é sínú ọbẹ̀ tí wọn yóò fi jẹ iyán. Òde àríyá òde òní ló sọ ìgbín aláta di oúnjẹ olówó.

Kòkó ló kọ́kọ́ yí nǹkan padà. Ìgbín ń gbé abẹ́ òjìji rẹ̀ ní ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n oògùn tó ní bàbà nínú, èyí tí àgbẹ̀ ń fín sí èso tó ń dúdú, ń pa ìgbín. Lẹ́yìn náà ni àwọn agégẹdú wọ igbó ọba Olúwa àti Ìdànrè. Nígbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Benin gba Ọ̀rẹ̀ kọjá ní àwọn ọdún 1970, ìgbín di ọjà ẹ̀gbẹ́ títì, ẹni tó ń he é láti jẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í he é láti tà, tòun ti ọmọ ìgbín tí kò tíì yé ẹyin rí.

Sínsìn ìgbín ni ìdáhùn tí àwọn onímọ̀ mú wá. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní 1981 wà lára àwọn tó ti ṣe ìwádìí lórí oúnjẹ rẹ̀. Ewé ìbẹ́pẹ, ewé kókò àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó o, ṣùgbọ́n ìjàlọ lè pa gbogbo àgọ́ run lóru kan. Ẹyin díẹ̀ ni ìgbín ńlá ilẹ̀ wa ń yé lẹ́ẹ̀kan, ó sì máa ń tó bí ọdún kan kí ọmọ rẹ̀ tó dàgbà. Nítorí náà, kí ẹni tó bá lọ he ìgbín fi àwọn kéékèèké sílẹ̀ nínú igbó.