Ìlù Tí A Gbà Wọlé àti Ìlù Tí A Fi Sílẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ẹni tí ó bá ti rí ọgọ́rùn-ún ọmọ ilé-ìwé bí wọ́n ti ń yan, tí ẹsẹ̀ òsì gbogbo wọn ń kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò mọ̀ pé kì í ṣe pé wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi ń rìn bẹ́ẹ̀. Ìlù ni ó so wọ́n pọ̀. Ní Òkè-Àdó ní Ìbàdàn, níbi tí pápá ìṣeré ńlá tí a ṣí ní ọdún 1960 wà, èyí tí a kọ́kọ́ pè ní Liberty, tí a sì fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè láti ọdún 2010, ìró ìlù yìí kò ṣàjèjì sí etí ẹnikẹ́ni. Ìlù ńlá a dún gbì, ìlù kékeré a dá a lóhùn, kíḿbálì a sì pariwo láàárín wọn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ènìyàn tí ń pàtẹ́wọ́, ẹni mélòó ni ó ti bèèrè ibi tí ìlù wọ̀nyí ti wá, ọgbọ́n tí a fi ṣe wọ́n, àti ohun tí wọ́n fi bá ìlù tiwa tan? Èyí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìlù òyìnbó bá Ìbàdàn ní ìlú tí kò mọ ìlù tàbí ogun. Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn ọmọ ogun fi ibẹ̀ ṣe ibùdó, ogun ni ó sì sọ ọ́ di ìlú ńlá. Olórí ogun kì í jáde láìní onílù lẹ́yìn. Onílù a máa kì í, a máa rán an létí ohun tí baba rẹ̀ ṣe, a máa fi ohùn awọ gún un ní kẹ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ka ẹsẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ sísọ ni iṣẹ́ ìlù Yorùbá. Àwọn ìdílé tí ń jogún iṣẹ́ náà wà títí di òní, àwọn tí ń fi Àyàn ṣe ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọ wọn: Àyàntúndé, Àyànwálé, Àyànkúnlé.

Ìlù tí a fi ń yan, ọ̀nà mìíràn ni ó gbà dáyé. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń gbé ìlù kékeré kọ́ ẹ̀gbẹ́. Ariwo ogun kì í jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ọ̀gá, nítorí náà ìlù ni a fi ń pàṣẹ: ọ̀kan fún jíjí, ọ̀kan fún ìkórajọ, ọ̀kan fún ìlọsíwájú, ọ̀kan fún ìpadàsẹ́yìn. Ìrìn náà sì ní ìwọ̀n. Nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá ń yan kíákíá, nǹkan bí ìṣísẹ̀ 120 ni ó ń gbé ní ìṣẹ́jú kan. Ìlù ńlá àti kíḿbálì kì í ṣe tiwọn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun Sultan ilẹ̀ Tọ́kì ni wọ́n ti rí wọn, tí wọ́n sì mú wọn lò ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ìdílé Zildjian, àwọn ará Àméníà tí wọ́n ń rọ kíḿbálì ní ìlú Constantinople, dá ilé-iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní ọdún 1623, orúkọ náà sì wà lára kíḿbálì títí di òní. Nítorí náà, nígbà tí òyìnbó gbé ìlù rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tí òun pàápàá yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn wà nínú ẹrù náà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó gbà wọ ilẹ̀ wa. Ìkíní ni ọ̀nà àwọn ọmọ ogun. Ní àwọn ọdún 1860, Glover kó àwọn Haúsá jọ ní Èkó, wọ́n sì kọ́ wọn ní ìrìn àti ìjà bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1893 Ìbàdàn bá ìjọba Èkó ṣe àdéhùn, Captain Bower sì wá jókòó níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ajẹ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ìkejì ni ọ̀nà ẹgbẹ́ ìjọ. William Alexander Smith dá ẹgbẹ́ Boys’ Brigade sílẹ̀ ní ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Scotland ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1883, láti fi ìlànà ológun kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní ìwà onígbàgbọ́. Ní ọdún 1908 ẹgbẹ́ náà dé ìjọ Holy Trinity ní Èbúté-Ẹ̀rọ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1920 Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Ìgbàlà pẹ̀lú dé Èkó, àwọn tí ń fi ìlù wàásù ní ìgboro.

Ìkẹta ni ọ̀nà ilé-ìwé. Reluwé dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, àwọn àlejò, pàápàá àwọn ará Ìjẹ̀bú, sì ń kọ́ ilé sí Òkè-Àdó lẹ́yìn odi àtijọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé kò gbẹ́yìn wọn. Ní Mólété tí ó múlé ti Òkè-Àdó ni Ibadan Grammar School wà lónìí, èyí tí Àlùfáà A. B. Akínyẹlé bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Àrẹ ní ọdún 1913. Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, tí í ṣe ọjọ́ ìbí Ọbabìnrin Fikitóríà, ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń tò kọjá níwájú àwọn aláṣẹ. Nígbà tí òmìnira dé ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1960, a pààrọ̀ àsíá, a kò pààrọ̀ ìlù. Lónìí, ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, tí í ṣe ọjọ́ àwọn ọmọdé, ni wọ́n ń yan.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ wa gbé wúwo. Ní àkókò kan náà tí ìlù yìí ń gba ẹnu ọ̀nà ìjọ wọlé, púpọ̀ nínú àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn onígbàgbọ́ ìṣáájú ti ilẹ̀kùn mọ́ ìlù Yorùbá. A kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ìbẹ̀rù wọn ní ìdí: Ṣàngó ni ó ni bàtá, Ọbàtálá ni ó ni ìgbìn, Ifá ni ó sì ni ìpèsè. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí òrìṣà, bí ó bá gbọ́ ìlù rẹ̀, ọkàn rẹ̀ lè padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n dùndún ńkọ́, tí ń lọ sí ilé ìgbéyàwó, ilé ìsọmọlórúkọ àti ààfin ọba? A ka òun náà mọ́ wọn. Ìlù òyìnbó ni kò sí ẹni tí ó bèèrè ìdílé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú ogun ni ó ti wá, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn. A gba àlejò wọlé nítorí pé a kò mọ̀ ọ́n, a sì fi ọmọ ilé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé a mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wo ara àwọn méjèèjì. Igi kan ṣoṣo, apá tàbí ọ̀mọ̀, ni agbẹ́gi ń gbẹ́ fún dùndún títí inú rẹ̀ yóò fi ṣófo, tí ìbàdí rẹ̀ yóò sì tín-ín-rín. Awọ ewúrẹ́ bo ẹnu méjèèjì, ọṣán sì ti ẹnu kan lọ sí èkejì. Bí onílù bá fún ọṣán, awọ a le, ohùn a sì gòkè. Bí ó bá dẹ ọwọ́, ohùn a sọ̀kalẹ̀. Ìlù kékeré ti àwọn ọmọ ogun àtijọ́ náà ní ẹnu méjì. Awọ ọmọ màlúù ni a fi bò ó, okùn sì ń lọ ó ń bọ̀ láàárín òrùka òkè àti òrùka ìsàlẹ̀. Etí awọ kéékèèké wà lára okùn náà. Bí a bá fà wọ́n wálẹ̀, okùn a le, awọ a sì le pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí ó yá ni ọ̀pá irin onídèérí tí a ń yí rọ́pò okùn. Lábẹ́ awọ ìsàlẹ̀ ni a na ìfun ẹran tàbí wáyà tín-ín-rín sí. Bí a bá lu awọ òkè, afẹ́fẹ́ inú ìlù a ti awọ ìsàlẹ̀, wáyà a sì hó. Ta ni yóò rí èyí tí kò ní rántí ṣaworo tí ń mì lẹ́nu ìyáàlù?

Ọmọ ìyá ni ọṣán àti okùn. Ìyàtọ̀ wọn kò ju èyí lọ: ti dùndún ń le, ó ń dẹ̀ bí a ti ń lù ú lọ́wọ́, nítorí náà ó lè tẹ̀lé òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn èdè wa, ti ìlù ìyan, a ti fà á le kí a tó jáde, ohùn kan ni ó sì ń mú dé ilé. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, èkejì ń kà. Kò sí èyí tí kì í ṣe ọgbọ́n nínú méjèèjì.

Ọ̀tá kan náà ni wọ́n ní pẹ̀lú. Ìrì àti òjò a máa dẹ awọ, ọyẹ́ a sì máa fà á le títí yóò fi ya. Àwọn aṣelù Amẹ́ríkà ni wọ́n wá oògùn sí i: ní ọdún 1956 Chick Evans ṣe awọ ìlù láti inú ọ̀rá tí a ń pè ní Mylar, ní ọdún 1957 Remo Belli sì dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lórí irú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìlù ilé-ìwé ti lè la òjò kọjá.

Ẹ wo ọwọ́ onílù náà. Ọ̀já tí ó kọ́ ìlù kékeré sí èjìká mú kí ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí náà ni ọwọ́ òsì àwọn ọmọ ogun ṣe ń mú ọ̀pá ìlù láti ìsàlẹ̀ bí ẹni mú kálàmù, tí ọwọ́ ọ̀tún ń mú tirẹ̀ láti òkè. Lẹ́yìn èyí ni àwọn aṣelù ṣe àgbékọ́ tí ń mú ìlù dúró gbọọrọ níwájú àyà, tí ọwọ́ méjèèjì fi lè ṣe bákan náà. Ọmọ Àyàn náà a gbé dùndún kọ́ èjìká. Ọwọ́ òsì ń fún ọṣán, ọwọ́ ọ̀tún ń fi kọ̀ǹgọ́ lù ú. Òun náà mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ òsì yàtọ̀ sí ti ọ̀tún.

Ọ̀nà ìkọ́ni pàápàá kò jìnnà síra. Ní ọdún 1933 àwọn onílù Amẹ́ríkà kó ara wọn jọ, wọ́n sì yan ẹ̀kọ́ ìpilẹ̀ṣẹ̀ 13 tí ẹnikẹ́ni tí yóò lu ìlù kékeré gbọdọ̀ mọ̀. Ní ọdún 1984 wọ́n ti di 40. Èyí tí ó jẹ́ ìyá wọn ni kí ọwọ́ ọ̀tún lù lẹ́ẹ̀mejì, kí òsì lù lẹ́ẹ̀mejì, títí yóò fi yára bí òjò lórí páànù. Báwo ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kọ́ ọmọdé ní èyí? Orúkọ baba àti ìyá ni wọ́n ń mú un pè, daddy-mammy, kí ọwọ́ tó ṣe é. Paradiddle náà, orúkọ rẹ̀ ni ìró rẹ̀. Ẹnu ni ó kọ́kọ́ ń lu ìlù, lọ́dọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí lọ́dọ̀ wa. Olùkọ́ tí ó bá fi ọ̀pá nìkan kọ́ni, tí kò fi ọ̀rọ̀ sí ọmọ lẹ́nu, kò tíì mú ọ̀nà kankan nínú méjèèjì.

Àwọn ènìyàn lásán ti fi hàn pé ohun tí a ń sọ ṣeé ṣe. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà sí Èkó ni wọ́n mú sámbà wá, ìlù onígun mẹ́rin tí ó jẹ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ní àwọn ọdún 1930, ní ilẹ̀ tí ń jẹ́ Gánà lónìí, àwọn ọ̀dọ́ tí kò lówó láti ra fèrè idẹ fi pátákó àpótí ọjà ṣe ìlù, wọ́n ń kọrin, wọ́n sì ń yan bí ọmọ ogun. Kónkómà ni orúkọ eré náà, ó sì dé Èkó kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó rán wọn níṣẹ́. Àìní ni ó kọ́ wọn.

Ìjọ pẹ̀lú ti ṣí ojú. Ọ̀gbẹ́ni T. K. E. Phillips, tí ó jẹ́ atẹdùùrù ní Kàtídírà Èkó láti ọdún 1914 títí di ọdún 1962, tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Euba sì kọ odidi ìwé lórí ìlù dùndún ní ọdún 1990. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ lónìí, gángan ń dún níwájú pẹpẹ, òrùlé kò sì wó. Ìlù ìyan ni ó kù tí a ń kọ́ bí ẹni pé ìlú tí kò ní onílù ni a bí ọmọ sí.

Nítorí náà ni a ṣe ń rọ ẹ̀yin olùkọ́. Bí ẹ bá ra ìlù, ẹ má rò pé ẹ ti ní onílù. Ẹ pe ọmọ Àyàn tí ó wà ní àdúgbò yín wá sí ilé-ìwé, kí ó fi bí a ti ń bo awọ, bí a ti ń fà á, àti bí etí ti ń gbọ́ ìyàtọ̀ hàn àwọn ọmọ. Kí ẹ̀yin náà fi ìwọ̀n ìrìn hàn án. Bí ọ̀pá irin bá bọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ ìdí tí ó fi wà níbẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ó kọ́ ẹgbẹ́ onílù ilé-ìwé yín sínú ìwé, nítorí a ń kọ orúkọ ẹni tí ó fi owó ra ìlù sára ògiri, a kì í kọ ti ẹni tí ó mú un fọhùn.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ rántí pé bí ìlù bá dún àdùnjù, yíya ni í ya. Ẹ má ṣe fi agbára lu ohun tí a fi ọgbọ́n ṣe. Nígbà tí ẹ bá tún gbé ọ̀já kọ́ èjìká tí ẹ ń yan lọ, ẹ mọ̀ pé ohun tí ó wà láyà yín ní ìbátan ní ilé, kí ojú má sì tì yín láti mú un mọ àwọn ẹbí rẹ̀.