“Wit”: Ọ̀rọ̀ Tó Rí Kó Tó Mọ̀

Nínú ìwé ẹ̀sùn ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà, ẹ ó rí i pé ẹnìkan gbé ohun ìjà tó lè pani, “to wit”: ọ̀bẹ kan. “Èyíinì ni” ni ìtumọ̀ rẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe àtijọ́ kan ló fara pamọ́ síbẹ̀.

“Mọ̀” ni “wit” túmọ̀ sí. “Witan” ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é kí àwọn ará Normandy tó ṣẹ́gun wọn ní 1066. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé “mo mọ̀” á ní “I wot”. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti kọjá, “I wist”. Bíbélì Ọba James ti 1611 ṣì lo méjèèjì.

Ibi tó dùn jù nìyí: ọ̀rọ̀ ohun tó ti kọjá ni “wot” fúnra rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. “Mo ti rí i” ló ń sọ, ẹni tó bá sì ti rí nǹkan ti mọ̀ ọ́n. Yorùbá tó mọ̀ pé “rí” wà nínú “ẹ̀rí” kò ní jiyàn. Ìyẹn ló sọ “wit” di ìbátan “videre”, “rí” ti àwọn Látìn, tí ẹnu Faransé gbé “d” inú rẹ̀ mì títí ó fi di “voir”.

Ṣé “d” àti “t” wá jọra ni? Ẹ wo “duo” Látìn, tó jẹ́ “two” fún Gẹ̀ẹ́sì, àti “decem”, tó jẹ́ “ten”. Jacob Grimm, ará Jámánì, ló to ìlànà yìí sílẹ̀ ní 1822.

Lẹ́yìn ìṣẹ́gun, Látìn àti Faransé gba ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì. “Videlicet” ni àwọn akọ̀wé ń kọ, ìyẹn “ó ṣeé rí”, tí a gé kúrú sí “viz.” lónìí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ lédè ìlú, “to wit” ni wọ́n mú. Ìbátan ló ń túmọ̀ ìbátan! Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ka “voir dire”, ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwọn ará ìlú kí wọ́n tó yàn wọ́n láti gbọ́ ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, mọ́ ẹbí yìí. “Verum”, òtítọ́, ni “voir” tiẹ̀ ti wá.

“Know” ló gba ipò “wit” nígbẹ̀yìn. Síbẹ̀, bí ẹlẹ́rìí bá dúró níwájú adájọ́ ní London, “witness” ni wọ́n ń pè é, ọmọ “wit”. Ohun tó bá sọ ń jẹ́ “evidence”, ọmọ “videre”.