Ètò Ọjọ́ Márùn-ún fún Jíjáwọ́ Nínú Sìgá

Ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1960, ni Elman Folkenberg, pásítọ̀ ìjọ Adventist, àti dókítà J. Wayne McFarland dá Ètò Ọjọ́ Márùn-ún sílẹ̀, èyíinì ni ìpàdé ìrọ̀lẹ́ márùn-ún léraléra fún àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá láìlo oògùn. Wọ́n ní kí àwọn olùkópa máa mu omi àti omi èso dáadáa, kí wọ́n yàgò fún kọfí àti ọtí tó máa ń fa ọkàn sí sìgá, kí wọ́n máa nasẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, kí olúkúlùkù sì ní ẹnìkejì tí yóò máa gbà á níyànjú. Gbólóhùn tí àwọn olùkópa ń tún sọ, pé àwọn yàn láti má mu sìgá, ló ṣe pàtàkì jù nínú ètò náà. Nígbà tó yá, ìjọ náà fi ètò mìíràn, Breathe Free, rọ́pò rẹ̀.