Ohun Tó Ń Pa Iná Nínú Ihò Tóóró

Nínú èdè wa, iná máa ń jó, ó máa ń ràn, ó sì máa ń kú. "Kú" yẹn ni ọ̀rọ̀ mi tòní dá lé.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1812, gáàsì gbiná nínú kòtò èédú kan ní Felling, àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èèyàn 92 ló bá a lọ, àwọn ọmọdékùnrin sì wà nínú wọn. Iná tí kò ní ìbòrí ni àwọn awakùsà sábà fi ń ríran nígbà náà. Bí gáàsì bá ti kàn án, ó parí nìyẹn.

Ní 1815, wọ́n bẹ Humphry Davy, onímọ̀ kẹ́míkà, pé kó wá nǹkan ṣe sí i. Ó rí i pé iná kì í la ihò irin tóóró kọjá. Kí ló fà á? Ooru ni iná fi ń wà láàyè. Tí ihò bá kéré, irin tó yí iná ká á gba ooru rẹ̀ kíá ju bí iná ṣe ń pèsè rẹ̀ lọ, ni iná bá kú. Davy wá fi àwọ̀n wáyà olójú wẹ́wẹ́ yí iná àtùpà ká: afẹ́fẹ́ ń wọlé, ìmọ́lẹ̀ ń jáde, iná ò ráyè jáde. Wọ́n dán an wò ní Hebburn lóṣù Kìíní 1816.

Àmọ́ ṣá o, tí wáyà náà bá gbóná títí ó fi pọ́n, kò lè gba ooru mọ́, iná á sì kọjá. Bẹ́ẹ̀, nítorí àtùpà yìí, àwọn olówó kòtò tún ń rán èèyàn lọ síbi tí gáàsì pọ̀ sí. Ẹ ò rí nǹkan?

Láàárín ọdún 1990 sí 2000, Alan Epstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ́ńjìnnì tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Ohun tó ń gba awakùsà là ló wá di ìṣòro fún irú iṣẹ́ yìí: bí àyè iná ṣe ń kéré sí i ni ògiri rẹ̀ ń jẹ ooru sí i. Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ mìíràn dá ni pé kí wọ́n ká ọ̀nà èéfín pọ̀ mọ́ ọ̀nà afẹ́fẹ́ tuntun bí ẹní, kí ooru tó ń jáde lè ta èyí tó ń wọlé lójí. Ògiri gbígbóná tó ń pa awakùsà lànà, òun ló ń mú iná kékeré yè.

Ẹ wá sọ fún mi: ṣé ọ̀tá iná ni irin, àbí ọ̀rẹ́ rẹ̀? Ó dọwọ́ ẹni tó gbé e kalẹ̀. Ó dìgbà.