Àwòrán Ìdílé: Láti Ara Ògiri dé Inú Férémù Oníná

Bí àlejò bá wọ ọ̀pọ̀ pálọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, àwòrán ara ògiri ni ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ bà: bàbá nínú agbádá, ìyá pẹ̀lú gèlè. Lónìí, férémù oníná, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán ń tẹ̀lé ara wọn lójú rẹ̀, ti ń gba ipò wọn nínú àwọn ilé kan. Ṣùgbọ́n àtifi àwòrán han àlejò yàtọ̀ sí àtitọ́jú rẹ̀ fún ọmọ.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní Kétu, ní Kòsọ́fẹ́, níbi tí olóògbé J. D. 'Okhai Ojeikere gbé, tó sì ti ṣiṣẹ́. Ọdún 1930 ni wọ́n bí i. Kámẹ́rà Brownie ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Láti 1968 ló ti ń ya àwòrán irun àwọn obìnrin Nàìjíríà, títí iye rẹ̀ fi sún mọ́ ẹgbẹ̀rún. Wọ́n ti tú àwọn irun náà tipẹ́, ṣùgbọ́n àwòrán wọn wà, nítorí pé ó tọ́jú fíìmù rẹ̀. Ní 2013, iṣẹ́ rẹ̀ dé ìpàtẹ ńlá ìlú Venice ní Ítálì; ó kú ní 2014.

Bí iná bá lọ, férémù á ṣókùnkùn. Bí fóònù bá sọnù, àwòrán inú rẹ̀ lè bá a lọ. Ẹni tó bá ní férémù oníná, kó tún tẹ àwòrán òbí rẹ̀ sórí bébà, kó sì kọ orúkọ wọn sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ ni yóò dúpẹ́.