Òjìji Ọ̀sángangan ní Ifẹ̀

Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ló ṣíwájú rẹ̀, Ford Foundation ló fowó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ kò díjú: tí a bá fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, ṣé á mọ̀wé ju ẹni tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta? Wọn ò lé Gẹ̀ẹ́sì lọ o. Olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló ń kọ́ wọn ní tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Sáyẹ́ǹsì yẹn ló jẹ mí lógún, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti máa ń ní Yorùbá ò tó. Ẹ mú ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀ àti òjìji wò. Kí ọmọ tó dé kíláàsì ló ti mọ ìdájí, ìyálẹ̀ta, ọ̀sángangan, ìrọ̀lẹ́ àti àṣálẹ́. Ibi tí oòrùn dé lójú ọ̀run ló pín wọn. Ó kù kí olùkọ́ ri igi mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa sàmì síbi tí òjìji rẹ̀ dé: á gùn láàárọ̀, á máa súnkì títí dọ̀sán, á tún gùn lọ sí òdì kejì. Ibẹ̀ ni ẹnì kan á ti béèrè bóyá oòrùn ló ń rìn àbí ayé ló ń yí.

Ìwé òyìnbó á ní òjìji ọ̀sán máa ń kọjú sí àríwá. Òótọ́ ni, ní London. Ifẹ̀ ńkọ́? Nǹkan bíi dígírì 7.5 péré ló fi jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ọ̀sán ń dúró gangan lórí ìlú náà: ní nǹkan bí ọjọ́ 9 oṣù kẹrin, àti níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Lásìkò yẹn igi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òjìji rárá. Mo kọ kóòdù kékeré kan láti ṣírò ìyókù (iṣẹ́ mi nìyẹn, ẹ má bínú). Lọ́sàn-án ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, òjìji igi tó ga ní mítà kan á tó sẹ̀ǹtímítà 60, á kọjú sí àríwá. Lọ́jọ́ 21 oṣù kẹfà, á tó nǹkan bíi 29, gúúsù ló sì máa kọjú sí. Ọmọ tó bá wo ilẹ̀ á rí i. Èyí tó há ìwé sórí á gba máàkì.

Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọmọ Modákẹ́kẹ́ wò, àwọn tó fi Yorùbá kàwé ló ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1977 náà ní kí a fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ò kà á sí. Fáfúnwá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá 2025 wọ́n wọ́gi lé e: Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ wọn, láti jẹ́lé-ó-sinmi.